Ta Ni Yóò Kọ Ìwé Fún Ọmọ Olórìṣà?

   

Ní ìpàdé wa ní Èjìgbò àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, ọ̀rọ̀ ìwé ọmọdé ti di ohun tí a kì í tú ká láìmẹ́nu bà. Gbogbo wa la gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa ní ìwé. Irú ìwé tí yóò jẹ́ àti ọ̀nà tí a óò gbà ṣe é ni ìyapa wà. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè gbọ́. Àwọn kan ní kí a má fi àkókò ṣòfò lórí àtúnṣe, kí a sáré tẹ ogún ìwé jáde kí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó ń bọ̀ tó dé. Àwọn àgbà kan sì ní kí a má kọ ohunkóhun, nítorí pé awo kì í ṣe ohun orí ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mo lòdì sí èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ Kìrìsítẹ́nì tó pé ọdún mẹ́fà ní ìwé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ní wàláà, ó ní ìwé kéwú. Ọmọ olórìṣà ńkọ́? Ó ní aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó sì ní ẹ̀gàn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi dá a lóhùn bí ó bá sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń bọ. Bí olùkọ́ bá ní kí kálukú mú ìwé ìtàn tó fẹ́ràn wá sí kíláàsì, ìwé ẹlòmíràn ni yóò mú lọ.

Ìwé ẹlòmíràn náà kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, orúkọ Èṣù ni àwọn olùtumọ̀ fi pe ọ̀tá Ọlọ́run tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo lè sọ fún yín pé kò sí ohun kankan nínú èdè wa tó fi dandan lé ìpinnu yẹn. Wọ́n lè yá ọ̀rọ̀ lò, bí wọ́n ṣe yá Sátánì lò. Wọ́n sì lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Orúkọ òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run ni wọ́n mú, láti ibẹ̀ ló sì ti wọ inú orin, ó wọ inú ìwé ilé-ìwé, ó wọ inú fíìmù. Lónìí, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Èṣùbíyìí ń ka ìwé tó sọ fún un pé orúkọ ẹni ibi ni wọ́n fi kọ orúkọ bàbá rẹ̀. Kí ni ẹ rò pé ọmọ náà yóò ṣe nígbà tó bá dàgbà? Yóò lọ sí kóòtù, yóò búra, yóò yí orúkọ padà. A ti rí i, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Bí a bá wá ń wá ẹni tí a óò dá lẹ́bi, àwọn kan nínú wa a máa tọ́ka sí àwọn òǹkọ̀wé ìṣáájú. N kò sí níbẹ̀. D. O. Fágúnwà tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, Orówọlé ni wọ́n sọ ọ́ kí ó tó sọ ara rẹ̀ di Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì hàn nínú ìwé rẹ̀: Irúnmalẹ̀ tó wà nínú àkọlé di ìnagijẹ fún abàmì ẹ̀dá inú igbó. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè sọ pé ọkùnrin náà kò mọ Yorùbá? Bákan náà ni J. F. Ọdúnjọ, olùkọ́ àti ọmọ ìjọ Kátólíìkì, tó kọ Aláwíyé. Ó to ẹ̀kọ́ láti orí ọ̀rọ̀ kéékèèké dé orí ọ̀rọ̀ ńláńlá, ó sì fi ewì gbé ìmọ̀ràn ró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà tó ka ìwé náà ní kékeré fi ń kà á lórí títí di òní. Wọn kò fi ìkórìíra borí wa. Wọ́n fi iṣẹ́ tó dára borí wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ iṣẹ́ tó dára, iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ní kí a sáré. Ìwé tí a sáré ṣe, ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Àgbàlagbà yóò fara da ìwé burúkú nítorí pé ó fẹ́ràn ohun tí ìwé náà ń jà fún. Ọmọdé kì í fara dà á. Yóò sọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì gbà pé òrìṣà gan-an ni kò dùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Pierre Verger, ẹni tó di Fátúmbí nínú Ifá, kọ ìtàn Òrìṣà Ògiyán sílẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní èdè Potogí ní ọdún 1981. Ó ní ọba Èjìgbò ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ babaláwo, Awoléjẹ ni orúkọ rẹ̀. Awoléjẹ ló ràn án lọ́wọ́ tí ìlú fi gòkè. Awoléjẹ rìnrìn àjò. Nígbà tó padà, ìlú ti tóbi, ọ̀wọ̀ ọba sì ti pọ̀. Ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwàdà tó ti ń pè é tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹni tí kò lè ṣe kó má jẹ iyán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kà á sí àfojúdi. Wọ́n nà án, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àwọn obìnrin kò bí mọ́. Nígbà tí ọba ṣe àyẹ̀wò, Ifá fi hàn pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣolò fi ń pàdé pẹ̀lú àtòrì nígbà ọdún.

Ẹ wo ìtàn tí a ní! Ọ̀rẹ́, ìgbéraga, ìyà láìṣẹ̀, ẹ̀bẹ̀, ètùtù. Ọmọdé wo ni kò ní fẹ́ gbọ́ ọ? Mo kọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo sì gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé ọmọdé. Olóòtú wọn kà á, ó yìn ín, ó wá béèrè ohun mẹ́ta. Ó ní kí n yọ òrìṣà kúrò, kí n pè é ní ọba kan láyé àtijọ́. Ó ní kí n sọ babaláwo di bàbá arúgbó ọlọ́gbọ́n kan. Ó ní kí n fi àdúrà rọ́pò àyẹ̀wò àti ètùtù, kí n sì yọ àtòrì, nítorí pé àwọn òbí kò ní ra ìwé tí wọ́n ti ń na ènìyàn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, kò bú mi. Ọjà ló ń rò: bí ìwé kò bá wọ inú àwọn ìwé tí ilé-ìwé ń rà, kò sí èrè, bí òbí kan bá sì fẹ̀sùn kan ìwé náà, ilé-ìwé yóò dá a padà. Mo lóye ìṣirò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó fẹ́ kí n kọ yẹn, ìtàn ta ni? Ọba tí kò ní orúkọ, arúgbó tí kò ní iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ètùtù. Mo gba ìwé àfọwọ́kọ mi, mo sì lọ sílé.

Ẹ má rò pé àtúnṣe ni mo kọ̀. Àtúnṣe ṣíṣe yàtọ̀ sí yíyọ ìfun ìtàn. Olóòtú gidi a máa béèrè pé kí ni ọmọ yóò rí lójú-ewé yìí, ọ̀rọ̀ wo ni kò yé e, gbólóhùn wo ló gùn jù fún èémí rẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Ifá ní òwúrọ̀ Sátidé. Mo ka ìtàn náà fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n dá Awoléjẹ sílẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ béèrè pé: “Bàbá, ta gan-an ló bẹ̀ ẹ́? Ṣé ọba ni àbí àwọn tó nà án?” Ìbéèrè náà ni ọkàn ìtàn. Bí ọba nìkan bá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ méjì ni. Bí gbogbo ìlú bá gba ìyà àtòrì sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìlú ni: ẹni tó nà án àti ẹni tó dúró tó ń wò, wọ́n jọ jẹ gbèsè ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ rí ohun tí olóòtú ní kí n gé dànù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ìwé ọmọdé tí ọmọdé kò tíì gbọ́ kò tíì yẹ fún títẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni ó kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi àmì ohùn sílẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ìlú Ògiyán, ìlú tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ so mọ́ oúnjẹ, ẹ kọ i-y-a-n sílẹ̀ láìsí àmì, kí ẹ fún ọmọdé. Ṣé iyán tí a gún nínú odó ni? Ṣé ìyàn tó mú nígbà tí òjò kọ̀ ni? Àbí iyàn tí ènìyàn ń jà? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè wọ inú ìtàn kan náà. Àgbà yóò fi òye gbé e; ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà kò tíì ní òye tí yóò fi gbé e. Ọdún 1974 ni a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí ilé-ìwé ń lò. Kò yẹ kí àwa tí a ń pe ara wa ní olùdáàbòbò àṣà jẹ́ ẹni tí yóò máa kọ Yorùbá bí ẹni tó ń fi fóònù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Iṣẹ́ ni, n kò purọ́. Lẹ́tà bí ẹ̀ àti ọ̀ kò ní àmì kan ṣoṣo tó kó orí àti ìsàlẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ńṣe ni a ń fi àmì orí lé lẹ́tà tó ti ní àmì ìsàlẹ̀. Bí irú lẹ́tà tí atẹ̀wé ń lò kò bá dára, àmì orí yóò fò lọ, tàbí kí ó jókòó sórí lẹ́tà mìíràn. Nígbà tí àwa fúnra wa dáwó jọ láti tẹ ìwé pélébé kan, atẹ̀wé gba iṣẹ́ tí àmì rẹ̀ pé, ó sì dá ìwé tí àmì rẹ̀ ti run padà. Ó ní kò sí ẹni tí yóò mọ̀. A kò pín ìwé náà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú pé owó ṣòfò, wọ́n sì ń bínú di òní. Mo tún sọ ọ́: owó tó ṣòfò sàn ju ọmọ tí a kọ́ ní àkọkọ́mọ́.

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ ọ́ kí ayé lè gbọ́. Ayé wo? Àwọn ará wa tó ń bọ òrìṣà ní Brazil, Potogí ni wọ́n ń sọ. Ti Cuba, Sípáníìṣì ni. Ẹ sì wo ilé wa níbí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọmọ Èjìgbò pọ̀ ní Côte d'Ivoire, tó fi jẹ́ pé owó CFA kì í ṣe àjèjì ní ọjà wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èjìgbò ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Ọmọ àbúrò tó wà ní Abidjan ń fi Faransé kàwé. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé nílé ìyá àgbà lásìkò ọdún, èdè wo ni wọn yóò fi bára wọn ṣeré? Yorùbá ni, bí a bá ti fi sí wọn lẹ́nu. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì yóò ya àwọn ọmọ ìyá kan náà nípa. Ìwé Yorùbá nìkan ni àwọn méjèèjì lè jọ dì mú.

Kí ojú sì tì wá díẹ̀. Ní Brazil, òfin 10.639 ti ọdún 2003 sọ ọ́ di dandan kí ilé-ìwé máa kọ́ ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà. Reginaldo Prandi ti kọ ìwé ìtàn òrìṣà alárànbarà fún àwọn ọmọdé: ti Ifá jáde ní 2002, ti Ṣàngó ní 2003, ti Òṣùmàrè ní 2004. Mãe Stella, ìyálórìṣà ńlá ní Bahia, tẹ ìwé ọmọdé tirẹ̀, Epé Laiyé, jáde ní 2009, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òrìṣà Ògiyán wa ni wọ́n ń pè ní Oxaguiã, wọ́n ń gbé odó jáde fún un, wọ́n ń pín iyán. Ọmọ Bahia lè rí àwòrán òrìṣà Èjìgbò nínú ìwé. Ọmọ Èjìgbò ń kọ́?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní awo kì í wọ ìwé, mo dọ̀bálẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti igbódù, igbódù ni yóò wà. N kò béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kọ ti wà lórí àtẹ láti ọdún 1968. Àjọ UNESCO ti kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2005. Àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn òyìnbó, àwọn ọmọ yunifásítì, gbogbo wọn ń kà wá. Ọmọ wa nìkan ni a ń fi pamọ́ fún. Ìtàn, oríkì, orúkọ, èèwọ̀ àti ìdí rẹ̀, bí a ṣe ń kí babaláwo àti bí a ṣe ń kí ìyálóòṣà: èwo ni àṣírí nínú wọn? Láyé àtijọ́, ọmọ awo a máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kí eyín rẹ̀ tó pàrọ̀ tán. Ẹ̀kọ́ ọmọdé kò tako awo. Àìkọ́ ọmọdé ló ń pa awo.

Bóyá ẹlòmíràn yóò ní iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ, kí a fi sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n nílò ní Yorùbá kò sí nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́, wọ́n dán an wò nínú kíláàsì, wọ́n tún un kọ. Nígbà tí a dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba gbọ́, ìjọba yìn, ìjọba sùn. Ní ọdún 2022, wọ́n ní èdè abínibí ni a óò máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ẹni tó bá ṣì ń dúró de irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń dúró de òjò inú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún wa ní ìsinmi ní ogúnjọ́ oṣù Ògún. A dúpẹ́. Ọjọ́ 364 yòókù ń kọ́?

Ohun tí mo dá lábàá kò pọ̀. Kí a má tẹ ogún ìwé. Kí a tẹ ẹyọ kan tó péye lọ́dún. Ojú-ewé 32 tó, nítorí pé bẹ́bà ńlá tí a tẹ̀ tí a sì ká máa ń fún wa ní ojú-ewé mẹ́jọ mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún, ẹni tó bá fi ojú-ewé kan lé e yóò san owó púpọ̀. Kí ẹni mẹ́ta yẹ ìwé kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé: babaláwo tàbí olórìṣà tó mọ ìtàn náà, olùkọ́ tó mọ kíkọ Yorùbá, àti ọmọdé tí ìwé náà wà fún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, kí ìwé náà dúró. Kí a san owó ayàwòrán, kí a má fi ẹ̀mí ẹ̀sìn yá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ. Kí ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan, láti Èjìgbò dé Ìwó, dé Ẹdẹ, dé Òṣogbo, ṣèlérí pé òun yóò ra iye ẹ̀dà kan kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rù ọjà má baà jẹ́ kí a tún gé babaláwo kúrò nínú ìtàn ara rẹ̀.

Owó tí à ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ọdún kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá lòdì sí mi, ẹ kọ èsì yín, n óò kà á. Ẹ sáà fi àmì ohùn sí i.

Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí ìtàn wa parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.